Irọ́ Tí Mo Pa Ní Oko Ìyá Ìdòwú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oorun ti dá lójú mi, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Kò sẹ́ni tó lù mí, kò sẹ́ni tó bú mi. Ohun tí mi ò ṣe nígbà tó yẹ kí n ṣe é ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Issaba, ní ìhà Pobè níbí, ni mo lọ́kọ sí. Nígbà tí mo bí Róòsì, àkọ́bí mi, ọmú mi méjèèjì wú, wọ́n ń ṣọyún, mo sì pẹ́ ní ọpitáàlì. Ìyá Ìdòwú, ìyàwó ilé tó kángun sí tiwa, ló gbé ọmọ mi mọ́ tirẹ̀ láyà. Oṣù méjì gbáko ni Róòsì fi mu ọmú rẹ̀. Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ yìí ń jẹun ju bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, àwa obìnrin mẹ́wàá jọ ń ṣe àáró. Bí a bá ro oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíì ló kàn, ẹni tó bá sì loko ló ń bọ́ gbogbo wa. Oníwàásù tuntun kan wá dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ abọ̀rìṣà, òun náà ti bọ òrìṣà. Gbogbo wa sì mọ̀ pé Ìyá Ìdòwú nìkan ni kò fi òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Nígbà tó kan oko rẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ tó jẹ́ olórí wa rọra sọ fún àwa yòókù pé kí kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ra ẹ̀kọ méjì, mo kó o sínú àpò.

A ro oko títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyá Ìdòwú ṣí ìkòkò ẹ̀wà, ó bu gàrí sí abọ́, ó da epo gbígbóná lé e. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé a ń fi òun ṣeré ni. Ó wá kọjú sí mi: "Ìyá Róòsì, wá gba tìẹ, ìwọ tí o kì í lè pa ebi mọ́ra." Kí ni mo fi dá a lóhùn? Mo ní inú ń run mí. Ẹ wò ó, obìnrin yìí fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ láìdé, ó wọgbó lọ já ewé ẹfinrin tí màá fún mu. Kó tó padà, gbogbo wọn ti ń jẹ tiwọn, ẹ̀kọ sì wà lẹ́nu èmi náà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó rọra gbé ewé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dé ìkòkò rẹ̀.

Nígbà tó tún kan oko rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lọ. Mo gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, mo rí i tó ń dá ro ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kó má baà rí mi. Kò pé ọdún tó fi kó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Takon. Mo fi ọwọ́ lẹ́rán, mi ò tiẹ̀ sìn ín sọ́nà.

Ní báyìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàwó tuntun kan láti Igana ti wọ ẹgbẹ́ wa. Òun náà ń bọ òrìṣà ilé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ẹgbẹ́ tún rọra sọ fún àwa yòókù pé kí kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání lọ sí oko rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́, mo gun ọ̀kadà sémì, ó di Takon.

Ìyá Ìdòwú ti dàgbà. Ó dì mọ́ mi, ó ń béèrè Róòsì ṣáá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde jàre, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́." Ó fà mí dìde. "Àmọ́ n ó sọ fún ọ. Lọ́jọ́ náà, mi ò wo àwọn tó kù. Ìwọ ni mò ń wò. Ká ní o bu ṣíbí kan péré, n bá ṣì wà ní Issaba."

Ọ̀la ni oko ìyàwó Igana. Ọkọ mi wà lára àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá jẹun lọ́wọ́ obìnrin náà, wọn ò ní wá sí oko tèmi náà mọ́, ilé mi sì lè dàrú. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí ni kí n ṣe kí ẹnu mi má wọ̀ bíi ti ìjọ́sí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ kékeré ni ìyàwó náà. Ó wá bá mi láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí n sọ oúnjẹ tí gbogbo wa fẹ́ràn jù fún òun.