Àpótí Aṣọ Màmá Mi Lọ́wọ́ Àwọn Aṣọ́bodè

Ẹ pariwo Halelúyà! Kò tó o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé òpópónà East Street níta! Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, èmi ni Sístà Àbẹ̀kẹ́ tó ń gbé Upney, nílùú òyìnbó níbí. Ẹ mọ̀ pé màmá mi sùn nínú Olúwa ní Ìsẹ́yìn, tí mi ò lè lọ sin wọ́n, torí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí ẹbí pín ogún, wọ́n fún mi ní àpótí aṣọ wọn. Sányán! Àlàárì! Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò tíì fi kan ara. Ẹ kúkú mọ àwọn ìyá wa, aṣọ tó bá dára jù, inú àpótí ló ń gbé.

Àpótí dé ìlú yìí, ó há sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ọmọbìnrin òyìnbó kan pè mí: "Màdáàmù, aṣọ tuntun ni gbogbo èyí, ẹ sì sọ pé aṣọ ni màmá yín ń tà. Ọjà ni lójú òfin. Ẹ máa san owó ibodè." Yéè! Apá mi ò ká owó tó pè. Bí mi ò bá sì san án, àpótí lọ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nínú ìyá mi!

Mo sáré tọ Bùrọ́dà Táyọ̀, lọ́yà wa tó jókòó síwájú yẹn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, fara balẹ̀ jàre. Ogún kì í san owó ibodè, àfi tó bá jẹ́ ọjà títà. Òfin ò béèrè bóyá aṣọ ti gbó, ohun tó ń béèrè nìyí: Ṣé màmá tọ́jú ẹ̀ láti tà ni, àbí fún ara wọn? Báwo ni ẹbí ṣe pín in?"

Ẹ wo ọgbọ́n! Mo bá rántí fídíò ìpín ogún tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. A tan án. Olórí ẹbí wa dìde níbẹ̀, wọ́n ní: "Aṣọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi í sí ṣọ́ọ̀bù, òwò ló wà fún. Èyí tó wà ní yàrá ìyá yín, tí wọ́n kó pamọ́ fún ara wọn, ti Àbẹ̀kẹ́ ni."

Bùrọ́dà Táyọ̀ pàtẹ́wọ́! "Ohun tí òfin ibí wí gan-an ni bàbá sọ yìí!" Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, a fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú fídíò. Ọmọbìnrin yẹn tún pè mí. "Màdáàmù, mo wò ó dópin. Ogún ni. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Ẹ pẹ̀lẹ́, mo bá yín kẹ́dùn." Aṣọ́bodè ló ń bá mi kẹ́dùn! Ọlọ́run á bù kún un.

Ẹ̀yin tí ohun yín há sọ́nà, ẹ má bọ́hùn. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n sẹ́nu àgbà ní Ìsẹ́yìn, tó tún ní èèyàn ní ibodè, kò ní gbàgbé yín.

Lánàá, mo ṣí àpótí náà. Òórùn yàrá màmá mi gba gbogbo ilé. Mo fi sányán wọn bora, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Baba, mo dúpẹ́. Màmá mi ti wọlé.