Ọmọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Àwòrán

Ẹ̀yin ará Minasawa, ẹ sọ àmì ẹ̀yẹ tí ẹ gbé kọ́ fún mi sára ògiri ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kalẹ̀. Dókítà ti ní kí n má fọkàn sí i pé n ó jẹ nínú ìrẹsì tuntun ọdún yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹ wá máa yìn mí nídìí òkú mi. Èmi Kuwabara, tí ẹ ń pè ní ẹni tó gba ìtàn ìlú wa lọ́wọ́ ìparun, olè ni mí. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin ni mo jí.

Nígbà tí ìjọba ní kí a kó àwọn àwòrán àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́. Àwòrán orí gíláàsì, bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò láyé àtijọ́, kún yàrá ẹ̀yìn wa, gbogbo wọn láti abúlé tí omi ìsédò ti bò mọ́lẹ̀. Ogata, ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, á gbé gíláàsì sórí ẹ̀rọ. Èmi á jókòó ti kọ̀ǹpútà, n ó máa nu ìdọ̀tí kúrò. Ẹ wo bí mo ṣe ń nù ún, bí ìyàwó tuntun tí ìyakọ ń bọ̀ wá kí! Ó dùn mọ́ mi kí ojú òkú mọ́ ju bó ṣe mọ́ láyé lọ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú ilé, tí nǹkan funfun bí èéfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dúró ná," Ogata wí, "èéfín wo ló ń wọ bàtà?" Mo ní, "Oorun ló ń kùn ọ́." Mo pa èéfín náà rẹ́. Èyí tí mo nù nìkan ni mo jẹ́ kó wà nínú kọ̀ǹpútà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bó ṣe rí kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tí a ṣí àfihàn, Màmá Fusae, arúgbó kan tí wọ́n bí ní abúlé tí omi bò yẹn, wá pẹ̀lú Chikako ọmọ rẹ̀, ó gbé èso kakí gbígbẹ wá fún mi. Ó dúró síwájú àwòrán yẹn. "Èmi nìyí," ó wí. "Isamu dà?" Mo ní, "Ta ni Isamu, Màmá?" "Àbúrò mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kámẹ́rà ìgbà náà kì í mú ẹni tó bá ń mira. Ayàwòrán ní kó dúró jẹ́ẹ́, ó ń jó bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀, ló bá jáde bí èéfín. Ibà pa á lọ́dún náà. Nídìí ojúbọ àwọn òkú ilé wa, gbogbo wọn ló ní àwòrán. Orúkọ lásán ni tirẹ̀. Ọ̀gá, ẹ bá mi tẹ èéfín yẹn jáde, ó tó mi."

Mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà ń gbé àmì ẹ̀yẹ bọ̀. Mo tẹrí ba, mo rẹ́rìn-ín músẹ́: "Màmá, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyí. Bóyá ẹ ń rò ó mọ́ òmíràn." Chikako fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Mo ti ń sọ fún yín pé iyè yín ti ń yẹ̀." Èmi ni ìyá náà ń wò. "Ó di apá aṣọ mi mú," ó wí. Síbẹ̀ ó fún mi ní kakí náà. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo wá gíláàsì náà kàn, mo gbé e sójú fèrèsé. Ó wà níbẹ̀. Ojú kò hàn, ṣùgbọ́n etí méjèèjì yọ gọngọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dúró jẹ́ẹ́, ó mọ́ kedere lára apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Mo là á mọ́ etí agbada omi. Ogata sáré wọlé, ó wo àfọ́kù, ó wò mí. "Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni," mo wí. "Ó bọ́ ni, ọ̀gá," ó wí, ó lọ mú ìgbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Isamu yìí ni Chikako fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé àwọn arúgbó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nílé ìtajà, ó ń dúpẹ́ pé mo fi sùúrù gbọ́ wèrè ìyá òun. Ó ní kí ìyá náà tó kú, ó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ní àbúrò rí?"

Chikako, iyè ìyá yín kò yẹ̀ rárá. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó ti ẹ̀rọ lónìí, ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí àwọn òkú wà lára wọn. Chikako, mo di àfọ́kù gíláàsì náà kan mọ́ ìwé yìí fún yín, èyí tí mo ṣà kí Ogata tó gbálẹ̀. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ rọra mú un, ó mú. Ẹ gbé e lọ sídìí ojúbọ yín, kí ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ Isamu nìyẹn. Ó ṣì di apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.