Wọ́n Ní Kí N Gbé Ọ̀rọ̀ Kékeré Mì

Alhaji Mutolib, ẹ má fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó! Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Ketu níbí, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n wá sọ fún mi pé ẹnu mi ò mọ òyìnbó sọ. Èmi Súmbọ̀! Èmi tí mo kọ́ Ruqoyah yín títí ó fi ń ka ìwé ìròyìn fún yín nídìí tòmátì ní Mile 12 níbí! Ẹ̀yin ni alága àwọn òbí, tí mi ò bá ké sí yín, ta ni kí n ké sí?

Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Àtẹ́wọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan. “A”, pá! “Cup”, pá! “Of”, pá! “Tea”, pá! Ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ kékeré, kò sí ojúsàájú. Ọmọ tó bá gbé ọ̀kan mì, á padà síbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí á dúró lẹ́nu géètì, ẹ ó máa yọ̀, ẹ ó ní òyìnbó ọmọ yín dá ṣáká. Àbí mo parọ́?

Àfi bí Mádàámù tó ni ilé-ìwé wa ṣe mú kóòṣì wá, ẹni tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ó ní òyìnbó kì í fi gbogbo ẹnu pe “of”, “to”, “and”, “for”, pé kí ẹnu kàn rọra kọjá lára wọn ni. Ó ní kí n wí “kọ́pọ̀tíì”. Háà! “Of” dà? Ó ní ó wà níbẹ̀, ó ń sáré kọjá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló mú mi pè é, lórí ìdúró, níwájú àwọn tíṣà tí mo lè bí lọ́mọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín! Mádàámù bá ní láti ọjọ́ Ajé, kóòṣì ló máa mú kíláàsì mi, kí èmi lọ máa ṣọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń sùn.

Ẹ tiẹ̀ bi mí, ta ni kóòṣì? Démiládé ni o! Démiládé ará Alápẹ̀rẹ̀, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ níwèé, tó ń kólòlò ní kékeré, tí mo máa ń dì lọ́wọ́ méjèèjì mú lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, tí a ó jọ máa pàtẹ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ o. “Mummy, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣépè fún ọmọ tó dọ̀bálẹ̀?

Èyí tó sì ń dùn mí jù, kò purọ́. Mo tan rédíò, mo tẹ́tí, àwọn òyìnbó ń gbé e mì lóòótọ́! Mo dúró síwájú dígí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo fi Ọlọ́run búra, kí ẹnu mi tó fúyẹ́, ọwọ́ mi á ti pàtẹ́wọ́. Àtikékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò, Alhaji. Ìrókò ti gbó. Kí ni kí n ṣe?

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti àwọn ọmọ ọwọ́, mò ń gbọ́ kíláàsì mi lẹ́yìn ògiri. Démiládé ní kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí òun ka ìwé fún wọn gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré lọ geerege, ó dé orí “of”, ọ̀rọ̀ há. Mo dìde, mo yọjú lójú fèrèsé. Alhaji, mo gbọ́ pá! Kì í ṣe àwọn ọmọ o! Démiládé ni! Òun fúnra rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́, tí “of” fi jáde gbàgìdì!

Ẹ̀rín pa mí, mo rín títí omi fi dà lójú mi, mi ò sì mọ̀gbà tó di ẹkún. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ká lọ bá Mádàámù. Kí wọ́n dá kíláàsì mi padà fún mi. Tí wọn ò bá sì gbà, kí wọ́n yọ̀ǹda Démiládé kó wá bá mi níbi tí wọ́n fi mí sí, torí gbogbo ọmọ ọwọ́ yẹn ni ẹ̀rín mi jí, èmi nìkan ò sì lè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.