Ìwọ̀n Tí Mo Yí Nígbà Tí Wọ́n Lọ Jẹun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàárè. Oyè ọ̀mọ̀wé tí ẹ fi ń pè mí, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà dé ìdí rẹ̀.

Ní ìlú Brașov níbí, ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, èmi àti Smaranda Cioclu, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi nígbà náà, jọ ń ṣèwádìí lórí ọ̀pá irin tó so táyà ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Èmi ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìgbà tí ọ̀pá náà yóò kán. Òun ń fi ẹ̀rọ tẹ ojúlówó ọ̀pá títí yóò fi kán. Èsì wa kò bára mu. Tèmi ní yóò pẹ́, tirẹ̀ ní kò ní pẹ́. "Tavi, tún ìṣirò ẹ wò, irin kì í parọ́," ló máa ń wí. Mo ní, "Ṣé èmi ló wá ń parọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín: "Ta ló bá ẹ jà? Jẹ búrẹ́dì ẹ, jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí; láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo bá òun àti ọ̀gá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Țepelea, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. Ọkàn mi ní, "Wọ́n fẹ́ lé ọ." Òpònú ni mí! N kò bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn lọ jẹun, mo yọ́ wọ yàrá ẹ̀rọ, mo yí ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ń tẹ irin jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ń sọ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ gidi. Smaranda dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀pá kò kán. Ọ̀gá pariwo: "Oṣù tó kọjá o ní ó kán! Ṣé o jókòó hùmọ̀ èsì ni?" Ó ní, "Ọ̀gá, ojú mi ni mo fi rí i!"

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ yunifásítì gbọ́ ẹjọ́ pé ó hùmọ̀ èsì ni mo rí àṣìṣe mi: mo ti jẹ́ kí ọ̀pá náà nípọn jù nínú kọ̀ǹpútà. Smaranda ló jàre. Ṣé mo sọ ọ́? Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé. Níwájú ìgbìmọ̀ ó kọjú sí mi: "Tavi, ìwọ la jọ wà. Sọ fún wọn, ṣé o rí mi rí kí n parọ́?" Mo wo bàtà mi. Mo ní, "Èmi ò lè sọ." Gbólóhùn yẹn ló lé e.

Lẹ́yìn tí mo fi ìṣirò èké yẹn gboyè ni ọ̀gá sọ fún mi pé, "Ọmọ yẹn mà fẹ́ràn ẹ o. Òun ló bẹ̀ mí, lẹ́nu ọ̀nà níjọ́ tó o bá wa, kí n fi oṣù mẹ́ta kún àkókò iṣẹ́ ẹ nígbà tí ìyá ẹ ń ṣàìsàn, ó ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá Smaranda ní abúlé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Tavi, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń fura sí ara mi. Mo rò pé orí mi ló dàrú."

Kò ní òun dárí jì mí. Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì kí wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi bẹ Smaranda. Bí ẹ bá sì ń fura sí ẹnìkejì yín, ẹ bi í léèrè lójúkojú. Èmi ò bi í.