Iná Tí Kò Pàdé Ṣẹ́kípọ́ìǹtì

Ọ̀sán gangan ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa lọ sí àdúgbò 1000 Housing, lẹ́nu ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì àti màmá àgbàlagbà tó jókòó tì í.

"Mà, ó léfòó lónìí," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú ẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, mo da nàìtírójìn olómi, èyí tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, táwọn dókítà ẹran fi ń tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù, sórí òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan. Mo gbé mágnẹ́ẹ̀tì lé e, ó dúró lófuurufú, kò kan nǹkan kan."

"Ṣé kì í ṣe idán?"

"Òtútù ni, mà. Nínú wáyà ilé wa, nǹkan ń dá iná dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí òkúta yẹn bá ti tutù dé ibì kan, tí mágnẹ́ẹ̀tì sì sún mọ́ ọn, iná á máa yí nínú ẹ̀ láì pàdé ṣẹ́kípọ́ìǹtì kankan. Òun ló ń ti mágnẹ́ẹ̀tì sókè."

"Láì pàdé ṣẹ́kípọ́ìǹtì," ni màmá náà tún wí, "ní Maiduguri yìí?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo 'Sake yi, Malama', pé kí n tún un ṣe. Mo ti ń kọ lẹ́tà sí yunifásítì pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa padà sílé tẹ́lẹ̀, mà. Mi ò parí ẹ̀ mọ́."

Kẹ̀kẹ́ wa dúró. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ níwájú, sójà ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn sì bo gbogbo wa. Màmá náà na ọrùn wo ìlà náà títí.

"Ṣé ó ṣẹ́kù nínú omi yẹn? Ká bu díẹ̀ sójú ọ̀nà yìí."