Wọ́n Ní Ẹlẹ́ran Oko Ọba Ò Ní Ètò

Níbi tí wọ́n ti ń di ìwé l'Ágége ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin kan tó ń ta ẹran ní ọjà màálù Oko Ọba àti ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ okòwò àgbáyé ní yunifásítì. Ọmọbìnrin náà fẹ́ di pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń ka díẹ̀ níbẹ̀ sétí ìyá náà ní Yorùbá: "Àwọn ẹlẹ́ran Oko Ọba ò ní ètò, wọn ò mọ bí ọjà ṣe ń rìn."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Èmi ni mi ò ní ètò? Èmi tí mo mọ ọjọ́ tí màálù kúrò l'Ókè Ọya àti ọjọ́ tó máa wọlé? Tí tírélà bá bàjẹ́ lọ́nà, ṣé kì í ṣe èmi ni dírẹ́bà ń pè? Odidi oṣù kan lo fi tẹ̀ lé mi kiri, tí mò ń ṣàlàyé fún ẹ!"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Lẹ́kíṣọ́rà wa ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó dé Oko Ọba rí?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Òun ò mọ̀ ni. Ìwọ, irọ́ lo pa."

Kò pariwo sọ ọ́. Ẹni tó ń di ìwé bi ọmọbìnrin náà bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ náà ní kó dúró ná, ó sì yọ ojú ewé yẹn kúrò.