Ọ̀rẹ́ Tí A Jọ Ń Gbé Ẹ̀sáǹsì Ló Wà Látìmọ́lé Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún lèmọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọmọ Kambolé ni mí, ìlú kan lẹ́bàá ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Agbófinró ni mí, èmi sì ni olórí àgọ́ wa ní agbègbè Tchamba. Kòmáńdáǹ ni wọ́n ń pè mí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n pe gbogbo àwa ọ̀gá jọ sí Sokodé, kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ tó ṣe kó tó di agbófinró, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Ọ̀kan ní tíṣà lòun. Ọ̀kan ní òun ti ránṣọ rí, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí. Mo ní àgbẹ̀ ni mí, iṣu àti àgbàdo ni mo ń gbìn. Wọ́n bi mí pé báwo wá ni mo ṣe mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbà. Mo ní ọdẹ ni bàbá mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Háà! Bàbá mi tí kò pa eku rí!

Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, ni mo ń gbé ní fàyàwọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ràímì, la jọ ń fi alùpùpù gbé e láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ Kambolé. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn oko ìyá rẹ̀, àwa méjèèjì la fi àdá là á, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Ṣé n kò mọ̀ pé kò dára ni? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa nígbà náà, akin ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gbé bídọ̀n epo wọlé, wọn kì í pè é lólè.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, àwọn agbófinró lé wa. Alùpùpù Ràímì ṣubú. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, n kò dúró. Wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, kó lè sọ ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sọ. A ti jọ fọwọ́ lé Kùránì pé ẹnikẹ́ni ò ní tú èkejì fó. Ó lọ sẹ́wọ̀n. Ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n ni mo lọ ṣe kọ́ńkúù, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́ wa, mo sì yege. Òun náà ti fẹ́ ṣe é o. Òun ló kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ fún mi. Wọn kì í gba ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí.

Nígbà tí mo di ọ̀gá, ìlú ṣe àdúà fún mi. Ràímì gbé iṣu tó dáa jù lóko rẹ̀ wá. N kò lè wò ó lójú, ṣùgbọ́n mo jẹ iṣu náà.

Ó ṣe díẹ̀, àwọn ọ̀gá mi ní Sokodé ní kí n wá onífàyàwọ́ mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gbé mi kúrò. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo rán àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ ba lójú ọ̀nà ẹ̀yìn oko yẹn. Mo rò pé Ràímì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àbí n kò rò bẹ́ẹ̀? Bí kò bá sí ẹlòmíì tó mọ ọ̀nà náà, ta ni mo wá rò pé wọ́n máa mú?

Ràímì ni wọ́n mú wá. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Kòmáńdáǹ," bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n bi í pé ta ni wọ́n jọ la ọ̀nà. Ó ní òun nìkan ni. Níwájú mi o!

Lánàá, ìyá rẹ̀ wá. Ìyá yìí ti bọ́ mi yó láìmọye ìgbà ní kékeré. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá àgbà, fún ọmọdé! Èèwọ̀ ni! Mo sáré fà á dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, Ràímì ní kí n má wá dà ọ́ láàmú, pé o ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni mo tún ní?" Mo ní kó lọ sinmi.

Bí mo bá tú u sílẹ̀, wọ́n á ní mo gba rìbá. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ, kí làwọn ọmọ mi máa jẹ? Bí mo bá dákẹ́, lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ní Sokodé. Ìbúra wa ńkọ́? Bí mo bá tú ara mi fó, ṣé mo ti da ìbúra nìyẹn? Orí mi ti dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má kàn ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ṣe é. Láàárọ̀ yìí mo lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, mo ní, "Ràímì, dárí jì mí."

Ó wẹ̀yìn mi, ó ní, "Kòmáńdáǹ, ẹ rọra. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á gbọ́."